Ọwọ́ Tí Olóyè Adéwọlé Gbé Sókè

Ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ère Olóyè Adéwọlé ní oríta kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, Abdulganiyy tó mọ ère náà dúró lẹ́yìn gbogbo èrò, lẹ́bàá obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá, nítorí kò sí ẹni tó rántí fún un ní àga. Kò bínú. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi sìmẹ́ǹtì mọ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ láti Ìkọ̀tún sí Ìgándò, ó sì ti mọ́ ọn lára pé ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ òun bá dé, òun fúnra òun kì í sábà dé ibẹ̀. Ó ti mọ ìkòkò òdòdó tí kò níye. Ó ti mọ kìnnìún méjì-méjì fún géètì àwọn olówó. Àwọn kìnnìún náà jókòó sílé ọlá, òun ń wọ bọ́ọ̀sì kọjá níwájú wọn.

Ti Olóyè yìí yàtọ̀. Òun ni ènìyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí ó mọ, ẹni tí gbogbo àgbà agbègbè náà sì mọ̀ dáadáa ni. Olùkọ́ ni Olóyè Adéwọlé kó tó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọdún mẹ́jọ ló fi jà níbẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ àti omi ẹ̀rọ lè dé àwọn abúlé tó di Alimosho lónìí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, yàrá mẹ́ta tó ń gbé tẹ́lẹ̀ náà ló padà sí. Bí ó bá ń kọjá lọ ládùúgbò, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí gbogbo ènìyàn, ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ ìrántí fi ní kí ère náà gbé ọwọ́ kan sókè, kí ọwọ́ kejì di ìwé mú.

Ọmọ olóògbé, Màmá Tòún, tí òun náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló fa okùn. Aṣọ já bọ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, bí òjò tó ṣú tí kò wá rọ̀ mọ́. Gbogbo ojú wà lókè. Ìyá arúgbó kan tó jókòó síwájú ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Ẹ wò ó o. Ọwọ́ òsì ló fi ń kí wa."

Ọlọ́kadà kan rẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́ tá a ti ń fọwọ́ òsì kí àwọn olóṣèlú. Bàbá kàn dá a padà ni jàre."

Ẹ̀rín ta látọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Àwọn tó wà níwájú kò rẹ́rìn-ín. Abdulganiyy wo ère náà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, kò ga kọjá ìgbáyà, ó wò ó, ó tún wo ère. Obìnrin olómi bi í bóyá ó fẹ́ ra omi ni.

Ọ̀gbẹ́ni Táyéwò, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìrántí, wá a kàn níbi tó dúró sí. "Bàbá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ẹ̀yin wá fi ń kí gbogbo Alimosho."

Màmá Tòún ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò pariwo, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Imú yẹn, imú bàbá mi ni. Ojú yẹn, òun ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò na ọwọ́ òsì sí ènìyàn rí, ì báà ṣe ọmọdé. Sátidé tó ń bọ̀ ni mò ń padà sí Ìbàdàn. Bí mo bá dé ibí láàárọ̀ ọjọ́ náà tí ó ṣì wà báyìí, wọ́n á wó o. Ó sàn kí bàbá mi má ní ère ju kí ó máa bú ènìyàn ní oríta."

"Ṣé ọwọ́ ni wọ́n máa gé?" ni Abdulganiyy béèrè.

"Gbogbo rẹ̀ ni," Táyéwò sọ. "Láti orí dé ẹsẹ̀."

Nígbà tí ó gbọ́ "ẹsẹ̀" ni ó mú ojú kúrò lára wọn.

Bí Abdulganiyy ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ sì ṣe kọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í wo àwòrán mọ ara nǹkan. Ojú nìkan ló ń tinú àwòrán mú. Fún ara, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ibí, ọwọ́ ibí ni yóò fi sí. Ohun tó bá wà lọ́hùn-ún, ọ̀hún. Kì í ro ọ̀tún, kì í ro òsì. Ojú ń rí i, ọwọ́ ń ṣe é. Ẹni tó sì máa ń dúró ni Hamdalah, ìyàwó rẹ̀. Ó dúró fún ẹyẹ idì, ó na apá méjèèjì. Ó dúró fún kìnnìún pàápàá, ó fi ọwọ́ àti orúnkún lé ẹní, ó ń sọ pé, "Bàbá Mubarakah, bí wọ́n bá bi yín pé ta lẹ fẹ́, ẹ ní kìnnìún."

Nígbà tí iṣẹ́ Olóyè dé, wọ́n fi páànù yí àárín oríta náà ká, Hamdalah sì wọ agbádá Iléyá ọkọ rẹ̀, ó gun orí búlọ́ọ̀kù, ó dúró. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi dúró, pẹ̀lú ooru páànù. Láti ọdún tí òjò gbé e ṣubú sínú gọ́tà ní Ìkọ̀tún ni gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í ti í délẹ̀ tán. Abdulganiyy ní kí ó gbé e sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ní, "Kò lọ sílẹ̀ ju báyìí lọ. Olóyè á fara mọ́ ọn." Abdulganiyy mọ ohun tí ó rí. Ìka ọwọ́ kan á kọjá lábẹ́ gìgísẹ̀ ère náà. Bí agbádá ṣe ṣẹ́ léra ní èjìká, bí ìbàdí ṣe yà díẹ̀ sí apá òsì nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, Hamdalah ni gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ti mọ ọ́n dé èjìká nígbà tí ó ṣàìsàn. Ọjọ́rú ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìgándò. Ó sùn níbẹ̀ ní Ọjọ́rú, ní Ọjọ́bọ̀, ní Jímọ̀. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àsúbà ní Sátidé, ó ti lọ. Wọ́n sin ín kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Abdulganiyy tú àpótí, ó ń wá àwòrán rẹ̀. Kò rí èyí tó ti dúró. Èyí tó wà lára káàdì ìdìbò rẹ̀ nìkan ni ó rí, wọ́n sì gé e mọ́ ọn lọ́rùn. Bí Hamdalah ṣe máa ń dúró, kò sí níbòmíràn láyé mọ́ àfi nínú páànù yẹn ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Ó ku apá méjèèjì. Kò lè padà sínú páànù náà lọ dá mọ apá, ó ní òun á mọ ọ́n ní ìsọ̀ òun ní Ìgándò, kí wọ́n wá gbé e. Ó rí dígí ńlá kan tí ẹnì kan yọ lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e ti ògiri. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Nínú dígí, ẹnì kan dúró níwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Ohun tó wà lọ́wọ́ ibí, ó fi sí ọwọ́ ibí. Ohun tó wà lọ́hùn-ún, ọ̀hún. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ìlànà yẹn kò já a kulẹ̀ rí. Kò sí ìgbà kan tó wá sí i lọ́kàn pé ẹni tó wà nínú dígí kì í ṣe ènìyàn.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ jó apá náà mọ́ irin èjìká, Godswill tó ń jó irin bi í pé, "Bàbá, ṣé na ibí?"

"Ibẹ̀ ni mo rí i," ni ó dáhùn.

Páànù ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí àyè láti sún sẹ́yìn wò ó. Kí wọ́n tó tú páànù, ìgbìmọ̀ ti fi aṣọ bò ó. Látijọ́, bí iṣẹ́ bá parí, Hamdalah á sọdá títì, á lọ dúró lódìkejì, á wò ó títí, á wá padà wá sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó sọdá.

Ní Sọ́ńdè, òun àti Godswill lọ gé apá méjèèjì kúrò. Páànù ti lọ, ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń gé e. Bọ́ọ̀sì kan fà dúró létí oríta, kọ̀ńdọ́ ń ké pé, "Ọlọ́wọ́ Òsì wà o! Ọlọ́wọ́ Òsì!" obìnrin méjì sì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ibẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ máa wò wọ́n níran o," Godswill sọ. "Ọjọ́ kan péré."

Abdulganiyy ń ṣírò. Apá tuntun gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, kí wọ́n tó lè gbé e kọ́. Tí ó bá di alẹ́ Túsìdeè tí kò tíì mọ ọ́n, ó ti bọ́.

Ní Mọ́ńdè, ó dúró níwájú dígí lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́n. Ọwọ́ òsì ló gbé sókè, kí ti inú dígí lè jẹ́ ọ̀tún. Ó mọ ọ́n láti àárọ̀ títí di ìrun àsárì. Nígbà tí ó sún sẹ́yìn, apá náà wà níbi tó yẹ kó wà, àtàǹpàkò wà níbi tó yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkíni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò kí ènìyàn rí ní ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó dà bí ọwọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ lù. Abdulganiyy fi ọ̀bẹ ya á lulẹ̀ nígbà tó ṣì tutù.

Godswill ní kí ó jẹ́ kí òun fi fóònù ya ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwòrán kò ní ẹ̀yìn. "Mo gbọ́dọ̀ lè rìn yí i ká."

"Èmi ìbá dúró fún yín, Bàbá, àmọ́ wọ́n ń dúró dè mí ní Ìkọ̀tún dọ̀la láti àárọ̀. Géètì mẹ́rin."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pe Mubarakah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Àgbàdo.

"Bàbá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo. Ṣé kò sí o?"

"Ṣé o máa ráyè yà sọ́dọ̀ mi ní ọ̀la?"

"Ọ̀la kẹ̀? Bàbá mi, ọ̀la le díẹ̀ o, ṣọ́ọ̀bù ò lẹ́nìkan. Sọ́ńdè ńkọ́? Mo máa wá ní Sọ́ńdè, mo máa se nǹkan wá fún yín. Kí lẹ fẹ́ kí n wá ṣe?"

Ó wo dígí tó wà lára ògiri. "Kò sí. Kí n kàn rí ẹ ni."

"Sọ́ńdè, ẹ máa rí mi. Ìnṣà Allah."

Kò sí ọkùnrin tí ó lè bẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń jókòó tì í, ṣùgbọ́n Àlùfáà Nùrẹ́nì ti ṣe wáàsí kan ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn nípa àwọn tó ń mọ ère, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo ènìyàn sì wo iwájú lọ́jọ́ náà kí ojú wọn má bàa bọ́ sí ibi tó jókòó sí. Láti ìgbà náà, kò mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ọgbà náà mọ́.

Ẹni tó kù ni Ìyá Fẹ́kọ́mi. Ó ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ní ìsọ̀ tó kángun sí tirẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ wà níbẹ̀, eruku sìmẹ́ǹtì nìkan ló sì ń pa wọ́n pọ̀ sọ̀rọ̀. "Bàbá, aṣọ Olúwa ló wà lọ́wọ́ mi o." "Mo gbọ́. Mo máa rọra." Ìyẹn náà ni. Ó wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ Hamdalah, ó jókòó lẹ́yìn, ó sì lọ kí wọ́n tó pín oúnjẹ.

Láàárọ̀ Túsìdeè, Abdulganiyy lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ títí obìnrin náà fi gbé orí sókè.

"Bàbá, ṣé eruku ni? Mi ò tíì sọ nǹkan kan lónìí o."

"Kì í ṣe eruku."

Ìyá Fẹ́kọ́mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá bá mi dúró ni."

"Dúró níbo?"

"Níwájú mi. Kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí n lè rí bó ṣe rí."

Ìyá Fẹ́kọ́mi yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ fẹ́ kí n di ère."

"Ọwọ́ nìkan ni."

"Ẹ kúkú mọ ìjọ tí mò ń lọ. Bí wòlíì bá gbọ́ pé èmi ni mo lọ dúró fún ère ńkọ́?"

"Lọ́dọ̀ tiwa náà, wọn ò fẹ́ ẹ."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ṣì ń ṣe é?"

Abdulganiyy rò ó. "Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Fẹ́kọ́mi, ó gbé e mì. "Àbí èyí tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́ Òsì ni? Ẹnì kan sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní irọ́ ni, pé Bàbá tí mo mọ̀ á ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta." Ó wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. "Ṣé kò sí ẹlòmíràn ni?"

"Kò sí."

Bí ẹni tó ń sọ pé iyanrìn ti tán ló ṣe sọ ọ́. Ìyá Fẹ́kọ́mi wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa aṣọ funfun tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ yọ, ó ká a, ó fi sínú ọ̀rá.

"Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ yín kí n tó dé. Mi ò ní gbé eruku yín padà wá síbí."

Ó dé pẹ̀lú Bíbélì lábíyá, ó gun orí búlọ́ọ̀kù, ó gbé ọwọ́ sókè. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọ ojú sí ọ̀run, ojú rẹ̀ sì pa dé.

"Ẹ má gbàdúrà," Abdulganiyy sọ. "Ẹ kí mi ni."

"Èmi àti ẹ̀yin? Láti ọdún mẹ́fà, mi ò gbé ọwọ́ kí yín rí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lónìí." Ó tún gbé e, ó le gbọnrangandan.

"Ìyẹn ń dá mọ́tò dúró."

"Ẹ ṣe é kí n rí i nígbà náà."

Ó fẹ́ gbé ọwọ́ tirẹ̀, ó rántí ibi tí ìyẹn gbé e dé, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dúró, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ló wá sí i lọ́kàn pé kò sí ẹni tó ń gbé ọwọ́ sókè kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ẹni tó jìnnà là ń gbé ọwọ́ sí.

"Ẹ bọ́ síta, ẹ dúró síwájú ìsọ̀. Mo ń bọ̀."

Ó sọdá títì. Ó lọ dúró lódìkejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà, ó yí ojú padà. Kò dúró níbẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni Hamdalah máa ń dúró. Ìsọ̀ rẹ̀ kéré láti ibẹ̀, àwọn ìkòkò òdòdó tò bí eyín, obìnrin kan sì dúró láàárín wọn. Bọ́ọ̀sì kọjá, kẹ̀kẹ́ kọjá. Nígbà tí títì ṣí sílẹ̀, Ìyá Fẹ́kọ́mi gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fi ohùn ọjà ké sí i.

"Ẹ kú ìdúró o, Bàbá Mubarakah!"

Òun nìyẹn. Ìgúnpá kò nà tán. Àwọn ìka yà díẹ̀ síra wọn. Èjìká fà sókè díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ kí wọ́n rí òun dájú. Ọkọ̀ akólẹ̀ kan tó ń lọ sí ọ̀nà ààtàn kọjá láàárín wọn, ó gùn, ó sì ń rọra lọ. Nígbà tí ó kọjá tán, ọwọ́ náà ṣì wà lókè. Abdulganiyy rí i pé òun náà ti gbé ọwọ́ sókè, kò mọ ìgbà tí ó gbé e.

"Bàbá, ta lẹ̀ ń kí?" ọkùnrin táyà bi í.

"Aládùúgbò mi."

Ó yára padà kí ó má bàa gbàgbé rẹ̀. Obìnrin náà gun orí búlọ́ọ̀kù, ó gbé ọwọ́ bí ó ṣe gbé e lójú títì, Abdulganiyy sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ sìmẹ́ǹtì mọ́ irin. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni. Bí ọwọ́ bá ń ro ó, á gbé e sílẹ̀, á gbọ̀n ọ́n, á tún gbé e. Fún apá kejì, Bíbélì rẹ̀ ló gbá mọ́ àyà, ó ní kí Abdulganiyy ṣáà má kọ nǹkan sára ìwé inú ère náà.

"Ṣé Ìyá Mubarakah náà ló máa ń dúró báyìí?" ni ó béèrè lẹ́ẹ̀kan.

"Òun ni."

"Kì í rẹ̀ ẹ́?"

"Ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Kì í sọ."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Ìyá Fẹ́kọ́mi wo apá náà, ó wo tirẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ mi kò sanra tó yẹn," ó sì lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Abdulganiyy ń jọ sìmẹ́ǹtì, ohùn rẹ̀ wá láti ìhà kejì ògiri: "Bàbá, aṣọ Olúwa o." Ó ní òun ti gbọ́.

Láti ọjọ́ náà títí di Sátidé, nǹkan mìíràn ni kò jẹ́ kí ó sùn dáadáa. Wọ́n ti mọ̀ pé ó ń ṣe àṣìṣe báyìí. Ẹni tó ti rí àṣìṣe kan á wá èkejì. Táyéwò á wo ère náà láti orí dé ẹsẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá sì dé ẹsẹ̀, á rí gìgísẹ̀. Wọ́n á ní kí ó tún ìyẹn náà ṣe. Ẹ̀kún ọ̀bẹ méjì sìmẹ́ǹtì lábẹ́ rẹ̀, ó tán. Ó wá ìdáhùn sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé sìmẹ́ǹtì ló fà sókè nígbà tó ń gbẹ. Ìkejì ni pé Olóyè ló máa ń dúró bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ á mọ̀ pé irọ́ ni. Ìkẹta ni òótọ́. Ó sọ ìkẹta fún ara rẹ̀ léraléra nígbà tó ń fọ abọ́, nígbà tó ń ṣe àlùwàlá: "Ìyàwó mi ló dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, tí òun àti Godswill gbé apá náà kọ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí oríkèé èjìká, ó ti sọ ọ́ débi pé kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ó tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n béèrè. Láti oṣù kẹfà, kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ fún.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ni wọ́n dé. Màmá Tòún sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó rìn wá, ó dúró. Olóyè gbé ọwọ́ ọ̀tún sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà, kò ga, ó fi etí gèlè nu ojú.

"Bàbá, ọwọ́ yìí," ó sọ fún Abdulganiyy, "àfi bí ẹni pé ẹ mọ̀ ọ́n. Bó ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyẹn, tó bá rí wa tá a ń ti ilé ìwé bọ̀ lókèèrè. Ta ló dúró fún yín?"

"Aládùúgbò mi kan. Ó ń rán aṣọ."

"Ẹ bá mi kí i o."

Abdulganiyy ṣí ẹnu. Ó rò pé bóyá Màmá Tòún á béèrè pé ta ló dúró fún èyí tó kù. Ó wo ìsàlẹ̀ kí obìnrin náà lè wo ìsàlẹ̀. Màmá Tòún rò pé ojú ló ń tì í, ó fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kó má bínú sí ọ̀rọ̀ tí òun sọ ní Sátidé tó kọjá.

Táyéwò gbé fóònù jáde. "Ẹ jẹ́ ká yà á. Màmá, ẹ bọ́ síbí. Bàbá, ẹ̀yin náà, ẹ wá." Ó tò wọ́n síwájú ère náà, ẹ̀yìn wọn kọ sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó yà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó wo fóònù náà, ó ní ó ti dáa, ó fọwọ́ sí ìwé tó mú wá. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lọ láti ìgbà tí wọ́n dé títí wọ́n fi lọ. Kò sí ẹni tó wo ẹsẹ̀.

Wọn kò wó o. Ohun tí ó bẹ Ọlọ́run fún láti ọjọ́ méje nìyẹn, ó sì ti rí i gbà. Abdulganiyy bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa irinṣẹ́, ó fẹ́ iyanrìn tó kóra jọ sábẹ́ gìgísẹ̀ náà kúrò. Bọ́ọ̀sì kan fà dúró. "Ọlọ́wọ́ Òsì, ẹ sọ̀ o! Ọlọ́wọ́ Òsì!" Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó wo òkè, ó wo ọwọ́ ọ̀tún tí Olóyè gbé sí i, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ó ku àkàbà tó yá lọ́wọ́ kunlékunlé kan ní Àkówọnjó, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà lọ́jọ́ náà. Àkàbà ẹlẹ́ni méjì ni, Godswill ló bá a gbé e wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Godswill ti lọ síbi géètì rẹ̀. Abdulganiyy wá àárín rẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó dìde. Iwájú rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, kò sì lè mọ ohun tí ẹ̀yìn náà ń ṣe. Ó ń ké pé, "Ẹ yà o, ẹ yà," bí ó ṣe ń lọ létí títì. Lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ta ọsàn, ó gbọ́ tí obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, igi yín fẹ́ gbá mi lójú o. Ẹ ò rí ẹ̀yìn yín ni?"

"Ẹ má bínú," ó sọ. Kò lè yíjú wo ẹni tí ó ń bẹ̀, nítorí bí ó bá yíjú, àkàbà á gbá ẹlòmíràn. Ó ń bẹ̀ wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ níwájú, títí ó fi dé Àkówọnjó.